Bàbá mi lo oògùn TB fún oṣù mẹ́rin, láàbù wá ní Nocardia ni

Ìbéèrè yìí wá láti ọ̀dọ̀ ìyá ìbejì kan ní Iléṣà, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni. Bàbá wọn ti pé ọdún 63, àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n lọ́nà Ìfẹ̀wàrà. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti ń wúkọ́, wọ́n ń làágùn lóru, ara wọn sì ń gbẹ. Wọ́n fún wọn lóògùn TB, wọ́n lò ó fún oṣù mẹ́rin láìjẹ́ kí ọjọ́ kan yẹ̀, ikọ́ ò lọ. Kókó kan tún wá so sí wọn nítan, nígbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa ọyún inú ẹ̀ lọ sí láàbù, Nocardia ni wọ́n kọ sínú ìwé, dókítà sì ní Septrin ni bàbá máa lò, ó lè tó ọdún kan. Ìyá ìbejì wá bèèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ń jẹ́ Nocardia? Ṣé ó ń ràn ni, torí ọ̀dọ̀ bàbá làwọn ìbejì mi ń sùn? Àwọn ẹbí ń sọ pé ẹnì kan ló fi nǹkan sí oko fún wọn torí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀. Mi ò sì mọ bí Septrin tá a máa ń rà ní kẹ́mísì fún ìgbẹ́ gbuuru ṣe máa wo ohun tí oògùn TB ò rí wò. Bàbá ò ní ìtọ̀ ṣúgà, wọn ò ní HIV, àfi ẹ̀jẹ̀ ríru díẹ̀ àti prednisolone tí wọ́n ń lò fún làkúrègbé láti bí ọdún méjì."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú bàbá, Ọlọ́run á jẹ́ kí ìyà náà mọ síbí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ka ọ̀rọ̀ yín, ìgbà kẹta yẹn ni mo tó rí gbólóhùn tẹ́ ẹ fi parí ẹ̀, tẹ́ ẹ sọ bí ẹni tí ò ka nǹkan náà sí, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà lójú tèmi, mo máa padà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú tàwọn ọmọ kúrò ńlẹ̀. Nocardia kì í ràn láti ara èèyàn dé ara èèyàn. Bàbá lè wúkọ́ nítòsí wọn, wọ́n lè jọ jẹun nínú abọ́ kan náà, Nocardia ò ní tìtorí ẹ̀ wọ̀ wọ́n lára. Ohun kan tẹ́ ẹ máa bi dókítà ni bóyá àyẹ̀wò ti fi hàn gbangba pé TB ò sí níbẹ̀ rárá, torí àwọn méjèèjì lè pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo, TB yẹn sì ń ràn. Títí dọjọ́ tí wọ́n bá dá yín lóhùn, ẹ ṣí fèrèsé yàrá bàbá sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa wọlé, kí àwọn ìbejì sì máa sùn lọ́dọ̀ yín fúngbà díẹ̀.

Inú ilẹ̀ ni Nocardia ń gbé. Bakitéríà ni, ojú lásán ò lè rí i, ó wà nínú iyẹ̀pẹ̀, nínú ewé tó ń jẹrà, nínú igi tó ti kẹ̀, nínú omi, kò sì síbi tí kò sí láyé, kì í ṣe Ìfẹ̀wàrà nìkan. Iṣẹ́ gidi ló ń ṣe níbẹ̀, òun àtàwọn ìbátan ẹ̀ wà lára àwọn tó ń sọ ewé kòkó tó já bọ́ di ilẹ̀dú. Òórùn tó máa ń gba gbogbo afẹ́fẹ́ tí òjò àkọ́kọ́ bá kan ilẹ̀ gbígbẹ, àwọn ìbátan ẹ̀ wọ̀nyẹn ló ń ṣe é. Ilẹ̀ tí wọ́n sọ fún wa pé adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tàn ká ní Ifẹ̀, inú ẹ̀ náà ni wọ́n wà. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí ni Edmond Nocard, dókítà ẹran ará Faransé, lára màlúù tó ń ṣàìsàn ní erékùṣù Guadeloupe ló ti rí i ní 1888, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ kòkòrò náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni dókítà kan tó ń jẹ́ Eppinger rí i lára èèyàn, nínú ọpọlọ ẹni tí eéwo ti mú síbẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọpọlọ yẹn sọ́kàn.

Ọ̀nà méjì ló sábà máa ń gbà wọlé sí wa lára. Àkọ́kọ́ ni imú, téèyàn bá fa eruku ẹ̀ símú, ó di inú ẹ̀dọ̀fóró. Èkejì ni awọ ara, tí ẹ̀gún bá gún èèyàn tàbí tí àdá bá ṣáni lẹ́sẹ̀ lóko. Ojoojúmọ́ là ń fa irú eruku yìí símú, ẹni tó ń gbálẹ̀ ń fà á, ẹni tó gun ọ̀kadà láti Òsú wá sí Iléṣà nínú ọyẹ́ ń fà á, ara wa á sì gbé e mì láìsí wàhálà, ìdí nìyẹn tí àìsàn yìí fi ṣọ̀wọ́n. Lẹ́dọ̀fóró bàbá ni mo rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀, ó wá bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé itan.

Ẹ má bínú sáwọn tó kọ́kọ́ fún bàbá lóògùn TB o. Ikọ́ tó pẹ́, ìlàágùn òru, rírù, ibà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, gbogbo ẹ̀ náà ni TB máa ń mú wá, x-ray àwọn méjèèjì sì lè jọra bí ìbejì, ihò nínú ẹ̀dọ̀fóró àti àpá funfun káàkiri. TB sì pọ̀ nílùú wa gan-an ju Nocardia lọ, dókítà tó bá rí irú nǹkan báyìí tí kò ronú kan TB ṣáájú, òun gan-an ló yẹ ká bá wí. Ní láàbù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ pàápàá, wọ́n jọra. Tá a bá ń wá TB nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, aró pupa la máa dà sí i, a mú un gbóná, ká tó wá fi ásíìdì fọ̀ ọ́. Kòkòrò TB ní nǹkan kan bí ìda lára, aró yẹn ò ní ṣí kúrò lára ẹ̀. Nocardia náà ní irú ìda yẹn àmọ́ tiẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ásíìdì bá le, aró á ṣí, tí ò bá le, aró á dúró. Lọ́jọ́ kan wọ́n lè rí pupa kí wọ́n pè é ní TB, lọ́jọ́ kejì kí wọ́n má rí nǹkan kan. Ẹ̀rọ GeneXpert tó ń gbé èsì jáde láàárín bíi wákàtí méjì ń kọ́? TB nìkan lòun mọ̀, bí Nocardia kún inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn dẹ́nu, "kò sí TB" ló máa sọ, òótọ́ ló sì sọ.

Ó wù mí kẹ́ ẹ rí i bá a ṣe ń rí i. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kòkòrò TB dà bí igi ìṣáná kéékèèké tí wọ́n dà sílẹ̀, ó kúrú, ó dá dúró. Nocardia ní tiẹ̀ dà bíi gbòǹgbò àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu, okùn tín-ín-rín tó ń yọ ẹ̀ka, ẹ̀ka náà á tún yọ ẹ̀ka, aró á sì mú un níbì kan kò ní mú un níbòmíì, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín tí ò kún okùn. Tá a bá wá gbìn ín sórí àwo láàbù tó ní oúnjẹ bakitéríà nínú, ọjọ́ kìíní òfìfo, ọjọ́ kejì òfìfo, tó bá di bí ọjọ́ kẹrin àwọn tóótòòtó kan á yọ, funfun, gbígbẹ, bí ẹfun tí wọ́n rún sórí àwo, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wáyà họ ọ́ kò ní fẹ́ kúrò, ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti kọ̀ ọ́ fún wa ní láàbù pé ká má gbé imú sún mọ́ àwo kankan, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ṣí ọmọrí ẹ̀ báyìí, òórùn ilẹ̀ tútù á ti bá yín níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, òórùn oko láàárọ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ó ṣì máa ń dá mi dúró.

Ọjọ́ kẹrin tí mo sọ yẹn gan-an ló ń kó bá àwọn èèyàn wa. Àwo ọyún lásán, ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta la máa ń jù ú nù, torí ọ̀pọ̀ bakitéríà tó ń fa eéwo ti máa ń hù kó tó dìgbà yẹn. Nílé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, a ju àwo obìnrin kan nù lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé nǹkan kan ò hù. Wọ́n tún gbé ọyún ẹ̀ wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìsinmi Iléyá wá bọ́ sáàárín, ẹnì kan gbàgbé àwo yẹn sínú ẹ̀rọ tó ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, nígbà tá a fi máa padà dé lọ́jọ́ karùn-ún, ẹfun ti kún ojú ẹ̀. Ìgbàgbé ló jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe obìnrin yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi jìyà lásán yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní. Tí dókítà bá kọ "ó lè jẹ́ Nocardia" sórí fọ́ọ̀mù láàbù, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, a máa dá àwo dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè tó mẹ́ta, a sì máa lo ásíìdì tí ò le láti fi wò ó. Tí kò bá kọ ọ́, a ò lè mọ̀. Torí náà ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí, tí èèyàn ẹ̀ ti lo oògùn TB fún oṣù méjì mẹ́ta tí kò sí àyípadà, tí Xpert sì ń sọ pé kò sí TB, ẹ fẹnu ara yín bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ dókítà, ẹ má tijú.

Ẹ gbọ́ ná, rifampicin tó wà nínú oògùn TB tí bàbá lò, inú ilẹ̀ lòun náà ti wá, lára kòkòrò kan tí wọ́n rí nínú iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bù ní Faransé ní 1957. Ìgbà kan wà tí orúkọ kòkòrò yẹn jẹ́ Nocardia mediterranei, kí wọ́n tó ṣàyẹ̀wò ẹ̀ dáadáa tí wọ́n fi kó o lọ sí ìdílé míì tí wọ́n ń pè ní Amycolatopsis. Ilẹ̀ kan náà ló ń fún wa ní oògùn.

Ó wá kan prednisolone. Ìyá Ìbejì, ẹ sọ pé bàbá ò ní ìtọ̀ ṣúgà, wọn ò ní HIV, inú mi dùn sí i, torí àwọn tó ní àìsàn méjèèjì yẹn, àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, àwọn tó ní jẹjẹrẹ, àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n wà lára àwọn tí Nocardia máa ń rí mú. Àmọ́ ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún un jù ni irú oògùn prednisolone àti dexamethasone yìí téèyàn bá lò ó pẹ́. Ìrora orúnkún á lọ lóòótọ́, bàbá á tún dìde lọ sóko bí ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ohun tí oògùn yẹn ń ṣe ni pé ó ń rọ àwọn ọmọ ogun ara lóorun, kò sì sọ fún wọn pé tí eruku ilẹ̀ bá wọlé kí wọ́n jí. Ọdún méjì! Ṣé ojú bàbá ti rí róbótó kí àìsàn yìí tó dé, tí ẹ̀ ń rò pé wọ́n ń sanra? Ṣé ara wọn tètè máa ń ní àpá dúdú tí wọ́n bá fara kan nǹkan? Àmì ẹ̀ nìyẹn. Mi ò bá oògùn náà jà, ó ń gba ẹ̀mí là lọ́wọ́ dókítà tó mọ ìdí tó fi ń lò ó, àmọ́ èyí tí kẹ́mísì ń pò mọ́ oògùn ara ríro nínú ọ̀rá funfun láìkọ orúkọ sí i, tí àwọn ọmọbìnrin wa sì ń mu kí wọ́n lè sanra, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù, ó ń bà mí lẹ́rù gan-an ni.

Ẹ má tìtorí ohun tí mo sọ yìí já prednisolone gbà lọ́wọ́ bàbá lónìí o. Mo bẹ̀ yín. Ara tó ti ń rí i láti ìta fún ọdún méjì ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tiẹ̀, téèyàn bá dá a dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀, èèyàn lè dákú, ó lè la ẹ̀mí lọ. Dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa tán, kí wọ́n sì wá nǹkan míì fún làkúrègbé náà.

Ọpọlọ tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ńkọ́? Nocardia fẹ́ràn àtilọ síbẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀ láìsí orí fífọ́ kankan. Tó bá ti wà lẹ́dọ̀fóró tó sì tún ti dé itan báyìí, ó yẹ kí wọ́n ṣe síkáànì orí fún bàbá kódà tí wọ́n bá ní kò sóhun tó ń ṣe àwọn lórí. Mo mọ̀ pé owó síkáànì ò kéré, mo mọ̀ pé ẹ ti náwó. Àmọ́ èsì ẹ̀ ló máa sọ bí oògùn ṣe máa le tó àti bó ṣe máa pẹ́ tó, tí eéwo bá wà níbẹ̀ ó lè gba kí àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ fa á. Tí bàbá bá ṣàdédé ń sọ̀rọ̀ tí kò já gaara, tí apá kan ara wọn ń kú, tàbí tí gìrì mú wọn, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé, ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà.

Septrin wá ni. Òótọ́ ni pé ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń rí i, ojú ẹ̀ sì ti di ojú ilé. Oògùn méjì ló wà nínú hóró kan, sulfamethoxazole 400 mílígíráàmù àti trimethoprim 80, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ 480 sára ẹ̀. Nocardia gbọ́dọ̀ máa ṣe folate, irú fítámì kan, fúnra ẹ̀ kó tó lè pọ̀ sí i, àwa ń rí tiwa nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, oògùn méjèèjì yìí wá dí ọ̀nà tó ń gbà ṣe é níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Láti àwọn ọdún 1940 ni wọ́n ti ń fi ìdílé oògùn sulfa wo Nocardia, òun náà ṣì ni wọ́n kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Kì í ṣe bá a ṣe ń lò ó fún inú rírun ni wọ́n ń lò ó fún èyí, ìwọ̀n ẹ̀ pọ̀ gan-an, ìwúwo èèyàn ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, torí náà ẹ má fi ojú tẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ dín in kù. Níbi tó ti le bíi ti bàbá, wọ́n sábà máa ń fi abẹ́rẹ́ bí amikacin tàbí imipenem kún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Ẹ bèèrè. Ceftriaxone tá a fẹ́ràn láti máa gún fún gbogbo èèyàn, irú Nocardia kan wà, farcinica, tí kì í sábà gbọ́ ti ceftriaxone, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí láàbù sọ irú Nocardia tí ti bàbá jẹ́ àti oògùn tó ń pa á.

Oṣù 6 sí 12 ni ti ẹ̀dọ̀fóró, tó bá ti dé ọpọlọ kì í dín ní ọdún kan. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ikọ́ á rọlẹ̀, bàbá á máa jẹun, wọ́n á ní kí wọ́n máa lọ wo kòkó àwọn. Ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ dúró tì wọ́n, torí Nocardia máa ń fara pamọ́, tí oògùn bá dá lójijì á tún yọjú, nígbà míì nínú ọpọlọ.

Kí wọ́n tó jìnnà lẹ́nu Septrin, ẹ ní kí wọ́n yẹ G6PD bàbá wò, ìyẹn nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń dáàbò bò ó kó má bàa fọ́, ọ̀pọ̀ ọkùnrin nílẹ̀ Yorùbá ni tiẹ̀ ò tó, oògùn sulfa sì lè máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú wọn, ìtọ̀ á dúdú bí omi kóòkì, ojú á pọ́n yẹ́lò. Tí ara bá sú, tí ẹnu bá bó, tí ojú bá pọ́n, oògùn náà dúró lọ́jọ́ náà kẹ́ ẹ sì máa lọ sílé ìwòsàn, ẹ má ní kó di ọjọ́ kejì. Ẹ tún wo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí bàbá ń lò, tó bá jẹ́ lisinopril tàbí ìkan nínú àwọn ìbátan ẹ̀, òun àti Septrin lè jọ gbé potassium, irú iyọ̀ kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ga débi tó lè da ọkàn láàmú, wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò léraléra. Kí bàbá máa mu omi dáadáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ oko, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wa góòlù lọ́nà Ìtàgúnmọ́dì, tẹ́ ẹ̀ ń rìn láìwọ bàtà, tiyín ni ọ̀nà kejì yẹn. Ẹ̀gún á gún èèyàn, ojú ẹ̀ á san, lẹ́yìn oṣù mélòó kan ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú láìdunni, ihò kéékèèké á yọ, omi á máa jáde pẹ̀lú hóró wẹ́wẹ́ bíi yanrìn. Àwọn èèyàn á ní ó tẹ nǹkan. Maisẹtóómà ni, Nocardia wà lára àwọn tó ń fà á, fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn ìbátan olú àti èbu, náà ń fà á, oògùn wọn ò sì jọra rárá, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí láàbù rí hóró yẹn. Àjọ WHO kọ ọ́ mọ́ àwọn àìsàn tí ayé pa tì ní 2016. Èyí tí bakitéríà fà, oògùn ń wò ó láìgé ẹsẹ̀, téèyàn bá tètè dé. Ewé Akíntọ́lá tá a máa ń fún sójú ọgbẹ́ lóko dá ẹ̀jẹ̀ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ oníyẹ̀pẹ̀ la fi ń rún un, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà.

Ti ẹbí, Ìyá Ìbejì, ẹ fi sùúrù bá wọn sọ ọ́. Kò sí ẹni tó nílò àtifi nǹkan sí oko kí Nocardia tó wà níbẹ̀, ó wà ní oko bàbá, ó wà ní oko ẹni tí wọ́n jọ ń ja ààlà, ó wà lẹ́yìnkùlé tèmi náà. Ẹni tí wọ́n ń fura sí yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tìtorí èyí kàn án lábùkù. Bàbá á tún padà sóko tí ara bá yá, àmọ́ títí prednisolone á fi kúrò lára wọn, kí wọ́n má tu ilẹ̀, kí wọ́n má kó ewé jíjẹrà, kí wọ́n má gbá ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí, ẹlòmíì á ṣe ìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé bàbá sínú àpò kan, títí kan ọ̀rá kẹ́mísì tí ò lórúkọ, ẹ mú x-ray ti àkọ́kọ́ àti tuntun, ẹ kọ déètì tí oògùn TB bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé. Kẹ́ ẹ tó lọ rárá, ẹ gba láàbù kọjá láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì ju àwo tí ọyún bàbá hù lórí ẹ̀ nù, torí wọ́n ṣì máa nílò ẹ̀ láti mọ oògùn tó ń pa á.